Ẹ má pe ọmọ mi ní "rascal"

Ìyá òyìnbó tó múlé tì wá níbí ní Leeds bí mi nínú láàárọ̀ àná, kò sì mọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin já òdòdó kan nínú ọgbà màmá náà, ó sáré lọ fi lé e lọ́wọ́. Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "You little rascal!" Àyà mi já.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ni, mo ti gbọ́. Lẹ́nu òyìnbó ìsinsìnyí ni. Prámárì fáìfù ni mo wà nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ tíṣà wa, tí mo rẹ́rìn-ín. Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ, ó tún fi bírò pupa kọ "rascal" sínú ìwé èsì ìdánwò mi. Bàbá mi ò kàwé. Akọ̀wé ìjọ wa ló kà á fún un: "Ìpáǹle ni wọ́n pe ọmọ yín." Bàbá ò nà mí. Wọ́n kàn ti àwo ẹ̀bà padà síwájú ìyá mi, wọ́n ní àwọn ti yó. Òkèlè kan ṣoṣo, wọn ò tíì bù ú.

Mo wádìí ọ̀rọ̀ náà nígbà tó yá. Inú èdè Faransé àtijọ́ ló ti wá, rascaille, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ogunlọ́gọ̀ mẹ̀kúnnù tí àwọn ọlọ́lá ò kà sí èèyàn. Kódà, àwọn ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa pe àgbọ̀nrín tó rù, tí kò yẹ ní pípa, ní rascal. Ọmọ tálákà ni wọ́n fi ń bú láti ìpilẹ̀! Ní Papua New Guinea dòní, "raskol" ni wọ́n ń pe àwọn ìgárá tó ń fi ìbọn jalè ní Port Moresby. Òyìnbó ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ eré nílé tiwọn; líle ló ṣì wà lọ́wọ́ àwa tí wọ́n kó o fún.

Mo pe ìyá mi lálẹ́ láti fẹjọ́ sùn. Mo ní wọ́n á rántí àwo ẹ̀bà yẹn. Wọ́n rántí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ga o." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín lóhùn wọn: "Jàǹdùkú ọkọ mi dà? Gbé fóònù fún un."

Ọmọ ti ń fò sókè kó tó gbà á lọ́wọ́ mi. N ò mọ ohun tí mo lè wí mọ́.