Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ já pa torí mọ́tò, ẹ gbọ́

Mọ́tò dúdú tí ẹ rí tí mo fara tì nínú fọ́tò ọjọ́ ìbí mi, gbèsè ni o. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lákáǹtì mi, tí n ò bá sì san, wọ́n á wá wọ́ ọ lọ. Mo ń sọ ọ́ síta torí ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ránṣẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ gbádùn bíi tiyín." Iṣẹ́ ló mú mi rà á. Ilé àwọn arúgbó ni mò ń lọ káàkiri nílùú ọba níbí, mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń fún wọn lóògùn, bọ́ọ̀sì ò sì lè gbé mi débẹ̀ lásìkò. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́, mi ò ní purọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó di mọ́tò lásán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iná. Iná kì í dédé lọ níbí, ọpẹ́ ni, àmọ́ n kì í rántí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń sọ pé owó kì í ṣe nǹkan, kò tíì gbé ọmọ aláìsàn dé ọsibítù lóru kí wọ́n ní kó lọ wá dípósíìtì wá. Owó ń lé ìyà. Ibẹ̀ lagbára rẹ̀ mọ.

Ẹ sì yé sọ gbogbo pọ́n-ùn di náírà. Lóṣù kẹrin 2025, owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù níbí fún ẹni ọdún 21 sókè di pọ́n-ùn 12.21, ojú yín ń tàn. Ṣé náírà ni mo fi ń san owó ilé ni?

Bàbá òyìnbó kan wà tí mò ń tọ́jú. Ilé ńlá, àwo olówó iyebíye nínú kọ́bọ́ọ̀dù, fọ́tò ọmọ lára ògiri. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún mi lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá ti rí i pé mò ń wo aago, á ní tíì òun ò dùn tó, kí n tún un pò.

Ti ẹbí wá ńkọ́? Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, ẹni tó bá fi físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó wọlé kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n tilẹ̀ ti ọ̀nà yẹn pa fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Ẹni tó bá ṣì ń gbowó lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín rí i gbà, olè ni.

Tí iṣẹ́ mìíràn tí ẹ mọ̀ bá ṣì ń pè yín wá, ẹ wá. Àmọ́ kí ẹ tó ta ilẹ̀ bàbá yín, ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó ní òun fẹ́ gbà yín nínú ìwé àwọn tí ìjọba fún láṣẹ láti gba àjèjì síṣẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ ni.