Kí Tírélà Tó Kó Ẹ̀wà Sóyà Lọ

Láti alẹ́ àná ni ẹ̀wà sóyà ìyá oníbeske, ẹni tó ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe wàrà dídín tà, ti wà nínú omi. Ní ìdájí, á gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta. Bó bá jẹ́ ata ni wọ́n lọ gbẹ̀yìn, á bẹ onílọta kó fọ ẹ̀rọ dáadáa. Á sẹ́ ẹ, á sè é, á bu omidùn tàbí álọ́ọ̀mù sí i kó lè dì, á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ títí omi yóò fi tán lára rẹ̀, kó tó gé e sínú epo gbígbóná. Kí oòrùn tó mú, àwọn bíríkìlà, ọlọ́kadà àti ọmọ ilé-ìwé ti ń fi ata jẹ ẹ́. Nílùú òyìnbó, inú páálí aláràbarà ni wọ́n ń ta ẹran tí kò ti ara màlúù wá. Inú abọ́ tí a fi láílọ́ọ̀nù bò ni tiwa wà, kò sì sí ìjọba tó kà á sí iṣẹ́.

Ọdún 1908 ni ẹ̀wà sóyà kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, ní Moor Plantation, n'Íbàdàn níbí. Ó pẹ́ kó tó wọ ìkòkò wa. Lẹ́yìn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, mú irúgbìn ẹ̀wà sóyà tí wọ́n pè ní TGx jáde, wọ́n sì ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè sè é. Àwọn Fúlàní tó ń fi omi bọmubọmu mú wàrà dì ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe beske ní wàrà sóyà.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Ọ̀nà tí ẹ̀wà náà ń gbà dé ọwọ́ ẹni tó ń dín in ni. Láti Benue àti òkè ọya ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá sí ọjà Bódìjà n'Íbàdàn. Owó mọ́tò àti owó alágbàtà á gorí ara wọn lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìẹ ń fi tírélà rà á, oníbeske ń fi kóńgò rà á. A ò bá ọlọ́sìn adìẹ jà o, àwa náà ń jẹ adìẹ. Ṣùgbọ́n èròjà amáradàgbà inú ẹ̀wà sóyà tó ìdá 40 nínú 100, adìẹ á sì ti ná púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó di ẹran.

Ẹ má sì ní kí a lọ rà á lẹ́yìn ibodè. Ìjọba orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá ti fòfin de kíkó ẹ̀wà sóyà tí a kò tíì sọ di nǹkan jáde, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé, àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńlá wọn, lè ríṣẹ́ ṣe. Wọn ò jẹ̀bi. Àwa náà ti ibodè tiwa pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, láìka àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sí.

Ilẹ̀ Òkè-Ògùn gba ẹ̀wà sóyà. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni pé kí wọ́n ní kí DAWN, àjọ ìdàgbàsókè àwọn ìpínlẹ̀ wọn tó wà ní Cocoa House n'Íbàdàn, ṣètò ilé ìkẹ́rùsí sí Ṣakí àti Kíṣì, níbi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníbeske yóò ti máa ra ẹ̀wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà ìkórè. Kí beske sì wọ inú abọ́ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ilé-ìwé, kí àgbẹ̀ lè mọ̀ pé ọjà ń dúró dè é. Mílíìkì sóyà ṣì lè dúró ná. Kì í pẹ́ bàjẹ́ bí kò bá sí yìnyín, gbogbo wa la sì mọ bí iná mànàmáná ṣe rí. Beske tí a bá dín dáadáa kò nílò fíríìjì kó tó dé ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé.

Oṣù kẹwàá ni ìkórè sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí tírélà bá tún ṣáájú ilé ìkẹ́rùsí dé oko, kóńgò náà ni oníbeske yóò tún gbé lọ sí Bódìjà.