$5,000 já bọ́, ẹ ní wúrà lẹ fẹ́ rà?

Ìbéèrè yẹn tún ti dé. Gbogbo ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà bá ti ń dá owó orí padà fáwọn èèyàn ni àwọn prepper, àwọn tó ń kó nǹkan pamọ́ de àjálù, máa ń bi ara wọn pé: bí $5,000 tí o ò retí bá já bọ́ sí ọ lọ́wọ́, kí lo máa fi rà de ọjọ́ burúkú? Ẹ wá gbọ́ ìdáhùn. Awò tí wọ́n fi ń ríran lóru. Ẹyọ wúrà. Ìbọn kẹrin fún ẹni tó ti ní mẹ́ta nílé. Ike oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n ní ó lè wà fún ọdún 25. Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ gbẹ́ yàrá sábẹ́ ilẹ̀, ní Houston níbí, níbi tí omi ti sún mọ́ ojú ilẹ̀ débi pé ilé tó ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ wọ́n bí ojú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbí náà sì ti ń bá wọn wí bẹ́ẹ̀.

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú: ohun tó ń bá wa fínra ní Houston kì í ṣe ogun. Oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì líle Harvey rọ òjò tó lé ní 60 íńṣì níbi tó ti pọ̀ jù, ní ìlú Nederland ní Texas níbí. Oṣù kejì ọdún 2021, gbogbo Texas dì gbagidi, iná lọ nílé tó lé ní mílíọ̀nù 4, wọ́n ní kí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 14 máa se omi kí wọ́n tó mu ún, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ka òkú 246, òtútù ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2024, ìjì líle Beryl gba ibí kọjá, ilé tó lé ní mílíọ̀nù 2 wọ òkùnkùn, àwọn kan lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú ooru. Èwo ni awò òru fẹ́ yanjú níbẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí owó yẹn rà, ẹ ò lè yà á ní fọ́tò: inṣọ́ránsì omíyalé. Inṣọ́ránsì ilé tí ẹ ń san kò mọ àgbàrá rí. Bí ìjì bá ṣí òrùlé tí òjò gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n lè sanwó. Bí omi bá gba ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wọlé, ẹ̀yin lẹ ni ẹjọ́. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe, NFIP, máa ń dé $250,000 fún ilé àti $100,000 fún ẹrù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń ra méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ra ti ilé, wọ́n gbàgbé ti ẹrù. Ọjọ́ 30 ló máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi tó bá jẹ́ pé owó tí ẹ yá láti ra ilé ló mú un wá. Ẹni tó bá ń rà á nígbà tí ìjì ti wọ inú òkun Gulf, tí gbogbo tẹlifíṣọ̀n ti ń pe orúkọ rẹ̀, ìjì mìíràn ló ń rà á dè. Ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ni àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fúnra yín kà á padà sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé máàpù omíyalé tí ìjọba ṣe sọ pé àdúgbò òun kì í ṣe eléwu. Ọ̀pọ̀ ilé tí omi Harvey wọ̀ ni máàpù ti fi ọkàn onílé balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ ìtàn Ògùnpa ọdún 1980 n'Íbàdàn, irú èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí i.

Iná ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni inú ti máa ń bí mi jù. Ẹni tó dàgbà sí Nàìjíríà gbà pé kò sí ohun tẹ́nì kan lè kọ́ òun nípa jẹnẹrétọ̀. Á lọ ra ńlá, 9,500 watt, á wá dá okùn kan ṣe tó ní eyín lórí méjèèjì, á ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, á ki èkejì bọ ihò iná tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìgbẹ́ṣọ. Ilé tàn, inú ẹ̀gbọ́n dùn. Bí kò bá rántí pa breaker ńlá, èyí tó ń ya ilé kúrò lára wáyà ìta, ńkọ́? Iná rẹ̀ á gba wáyà jáde lọ bá tiransifọ́mà àdúgbò. Tiransifọ́mà tó ń sọ 7,200 volt di 240 fún ilé, bí wọ́n bá fún un ní 240 láti ẹ̀yìn, á sọ ọ́ di 7,200 padà, ọmọ ọlọ́mọ tó gun òpó láti tún wáyà ṣe á sì fọwọ́ kàn án. Bí okùn náà bá sì yọ nínú ihò, eyín tó wà níta yẹn ti gbé iná.

Oníṣẹ́ iná tó ní láísẹ́ǹsì ni kí ẹ wá, kó gba ìwé àṣẹ, kó ṣe é bó ṣe yẹ: inlet box 30 amp, àpótí tí okùn jẹnẹrétọ̀ máa ń wọ̀, sára ògiri ìta, ihò L14-30, wáyà 10-gauge, breaker 30 amp onípò méjì nínú pánẹ́ẹ̀lì (àpótí tí àwọn breaker ilé wà), lẹ́yìn náà interlock. Irin pẹlẹbẹ kan ni interlock, kì í jẹ́ kí breaker ńlá àti ti jẹnẹrétọ̀ tàn pọ̀ láéláé. Irin náà kì í sábà ju $100 lọ, iṣẹ́ àti wáyà ló ń gba owó. Irú tí wọ́n ṣe fún pánẹ́ẹ̀lì yín gan-an ni kí ẹ rà, torí èyí tí kò bá a mu lè fi àyè sílẹ̀ kí méjèèjì tàn. Lọ́jọ́ ìlò, ẹ pa breaker ńlá àti gbogbo kéékèèké, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́, ẹ ti irin náà sápá kan, ẹ tan breaker jẹnẹrétọ̀, kí ẹ wá máa tan ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan: fíríísà kọ́kọ́, fíríìjì tẹ̀ lé e. AC gbogbo ilé máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra, òun ló ń pa ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. AC ojú fèrèsé kan, 8,000 BTU, nǹkan bí 700 watt ló ń jẹ. Kí gbogbo ilé sùn sí yàrá kan.

Ohun kan wà tí olùtajà kì í sọ. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kan tó ní GFCI, ohun tó ń pa iná bí iná bá gba ibi tí kò yẹ, wọ́n ti so neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, mọ́ ara irin rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì ilé náà sì ti so tirẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, apá kan nínú iná tó yẹ kó gba neutral padà á gba wáyà ilẹ̀, GFCI á rí i pé ohun tó jáde kò bá ohun tó padà dọ́gba, á já. Ẹ máa rò pé ẹ̀rọ ti bà jẹ́. Kò bà jẹ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó: ṣé neutral rẹ̀ ṣeé tú?

Epo ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ 5,000 watt tó ń ṣiṣẹ́ dé ìdajì agbára rẹ̀ á mu nǹkan bí ìdajì gálọ́ọ̀nù ní wákàtí kan, ìyẹn 12 lóòjọ́, 84 lọ́sẹ̀. Ta ló fẹ́ kó 84 gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù sí gáréèjì? Epo tó ní ethanol yìí kì í sì pẹ́ tó fi ń di gọ́ọ̀mù nínú carburetor. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹni tó ní páìpù gáàsì nílé ra jẹnẹrétọ̀ tó ń lo epo mẹ́ta: bẹntiróòlù, propane àti gáàsì páìpù. Agbára rẹ̀ á dín díẹ̀ lórí gáàsì páìpù, ṣùgbọ́n ẹ ò ní tò sórí ìlà ilé epo. Kí plumber wo mítà gáàsì bóyá ó gbà á. Ní òpin oṣù kẹrin, Texas máa ń yọ owó orí ọjà kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ alágbèéká tí kò tó $3,000, àti lórí ẹ̀rọ tó ń kígbe bí carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín, bá wà nínú yàrá, tí kò bá ti tó $75. Ẹ ra méjì. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sílé tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, ẹnu èéfín rẹ̀ kó kọjú síta. Ṣíṣí ilẹ̀kùn gáréèjì kò tó. Carbon monoxide inú èéfín yẹn pa èèyàn níbí lọ́dún 2021, kò sì lóòórùn.

Omi kò gbówó lórí, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lóòjọ́. Omi inú dúrọ́ọ̀mù 55 gálọ́ọ̀nù tó bá kún wúwo tó nǹkan bí 459 páùn, ẹ kọ́kọ́ gbé dúrọ́ọ̀mù síbi tó máa wà kí ẹ tó pọn omi sí i, kí ẹ sì ra páǹpù ọlọ́wọ́ mọ́ ọn. Omi tó mọ́ lójú ṣùgbọ́n tí kò dá yín lójú, bleach tí kò lóòórùn dídùn, 8.25%, ẹ̀kán 6 sí gálọ́ọ̀nù kan, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 30. Kí ẹ sì ra kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ti omi ní ibi mítà. Lọ́dún 2021, tí òtútù bẹ́ páìpù, àwọn kan dúró wo omi tó ń ya láti òkè àjà sórí àga wọn nítorí wọn ò ní irin gígùn kan tí kò tó $30.

Ní ti ike oúnjẹ ọlọ́dún 25, ẹ yí i padà, kí ẹ pín iye calorie tó wà lára rẹ̀ fún iye ọjọ́ tí wọ́n ní ó máa tó. Ẹ̀rín á pa yín. Ìrẹsì funfun nǹkan bí 33 páùn wọ ike 5 gálọ́ọ̀nù. Ẹ dì í sínú mylar, àpò tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, pẹ̀lú oxygen absorber 2,000 cc, ìdì kékeré tó ń fa oxygen inú àpò náà, ẹ fi áyọ́ọ̀nù dí i, kí ẹ sì parí iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 20 tí ẹ bá ti tú páálí absorber. Ẹ má fi absorber sínú iyọ̀ tàbí ṣúgà, á di bíríkì. Brown rice, ìrẹsì tí wọn ò bó eèpo inú rẹ̀ kúrò, ń kan nítorí òróró ara rẹ̀.

Ilé tí èèyàn háyà sí àjà kẹta ni mi ò rí ojútùú sí. Kò sí ògiri ìta tí wọ́n máa gbà kí o lu, jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà ní báńkónì, dúrọ́ọ̀mù kò ṣeé gbé gun àtẹ̀gùn. Ó ku bátìrì. Bátìrì lithium irú LiFePO4, 2,000 watt-hour, á gbé fíríìjì kan fún nǹkan bí ọjọ́ kan àti ààbọ̀, lẹ́yìn náà o fẹ́ gba iná nínú mọ́tò, ihò mọ́tò kò sì sábà ju 120 watt lọ, ó lé ní wákàtí 16 kó tó kún. Bí òtútù bá sì ti mú bátìrì náà kọjá 32°F sísàlẹ̀, kò gbọdọ̀ gba iná. Bóyá kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ra nǹkan kan rárá, kó fi owó náà pamọ́ fún epo mọ́tò àti òtẹ́ẹ̀lì ní San Antonio. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2021, San Antonio náà dì. Ẹni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ti rí ọgbọ́n dá sí i, ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀.