Ọkọ̀ Kò Pariwo, Ẹni Tó Ni Ín Ló Ń Pariwo

Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ wa kan níbi iṣẹ́ kú oríire ọkọ̀ tuntun. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá Oníná ni gbogbo wa ń pè é, ó sì ń jẹ́. Ọkọ̀ tó rà kì í mu epo rárá, iná mànàmáná ló ń jẹ. Bí ẹ kò bá tíì gbọ́, á jẹ́ pé ẹ kì í gba Ìtòrò kọjá, ẹ kì í ná ọjà Òkè-Ajé, ẹ kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kì í lọ mọ́ṣáláṣí, ẹ kò sì tíì jẹun rí níbi tí ọkùnrin yìí ti ń jẹun.

Ẹ má bá a wí jù. Ọkọ̀ yẹn ló kó o sí wàhálà, torí kì í pariwo. Ìjẹ̀bú wo ló máa kó owó ńlá kalẹ̀ ra ọkọ̀, tó máa wà á wọ àdúgbò, tí ajá kan ṣoṣo kò ní gbó? Ní ọjọ́ kẹta Iléyá tó kọjá, tí ayé rọ́ lọ sí Ojúde Ọba, ó fẹ́ kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ rí òun bí òun ṣe ń bọ̀. Ìlù ń dún, ìbọn ń ró, àwọn ọmọ Balógun wà lórí ẹṣin, ṣaworo ń dún lọ́rùn ẹṣin. Ọ̀gá Oníná yọ kẹ́lẹ́ bí ológbò. Ẹnikẹ́ni kò bojú wẹ̀yìn. Ó fun fèrè ọkọ̀ títí, ọmọ kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ló dá a lóhùn, ọmọ ọ̀hún rò pé omi ló fẹ́ rà. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé ariwo tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò pa, ẹnu òun ni òun á máa fi pa á.

Mi ò sọ pé ìṣirò rẹ̀ kò pé o. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, iye tí ìjọba fi lé epo kò tó 200 náírà fún lítà kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti di nǹkan bí 500, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Èmi tí mo ní Corolla ògbólógbòó kan nílé, ta ni mí tí màá fi kọ̀ láti bá a wọkọ̀ láràárọ̀, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù? Etí mi ni mo fi ń san owó ọkọ̀.

Tiwájú lára àga rẹ̀ dára, kí n má purọ́. Ẹ ṣá má jókòó sẹ́yìn. Abẹ́ ẹsẹ̀ èrò ni wọ́n tẹ́ bátìrì sí gbalaja, ilẹ̀ ọkọ̀ wá ga, àga kò sì bá a ga. Orúnkún ẹni tó bá wà lẹ́yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, bí ẹni tó lóṣòó ti àwo ìkọ́kọrẹ́. Màmá mi bá wa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, à ń lọ sí òde ìyàwó ní Ìpẹru. Gèlè kan òkè, orúnkún kan àyà. Ọ̀gá Oníná ti pa AC, ó ní ó ń jẹ bátìrì. A kò tíì dé Òdogbolú tí màmá ti ń yí ìdí síbí, tí wọ́n ń yí i sọ́hùn-ún.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ ń dáná sábẹ́ àga yìí ni?"

Inú Ọ̀gá Oníná dùn pé wọ́n béèrè. "Màmá, ọwọ́ yín ló ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì tó ń mú àga gbóná. Nílùú òyìnbó, bí òtútù bá dé, ìdí èèyàn nìkan ni wọ́n máa ń mú gbóná, torí kì í jẹ iná tó kéèyàn mú gbogbo inú ọkọ̀ gbóná."

Oṣù kẹta ọdún ni, oòrùn ọ̀sán ganrínganrín. Màmá nu òógùn ojú wọn. "Òtútù ìlú wo ló wá ń mú ìwọ ní Òdogbolú?"

Òun nìkan náà ni mo mọ̀ ní gbogbo Rẹ́mọ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ kòtò ojú títì. Bó bá tẹ búrẹ́kì, díẹ̀ lára agbára eré á padà di iná sínú bátìrì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tó ń wá kiri. Gbogbo kòtò pátá ló ń tẹ búrẹ́kì fún, orí àwa èrò á máa mì bí orí alángbá, òun á máa wo ojú ẹ̀rọ, á ní, "Ẹ wò ó! Ó ń padà wọlé!"

Bí a bá dé ibi iṣẹ́ ni eré tó bẹ̀rẹ̀. Iná kì í dúró ní àdúgbò rẹ̀, ọ́fíìsì ló ti ń ṣáájì. Ó fa wáyà aláwọ̀ ọsàn kan láti ojú fèrèsé akáǹtì, wáyà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó dábùú ẹnu ilé ìtọ̀. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n á kọ́kọ́ fò ó ná. Kó lè rí ihò ki wáyà bọ̀, ó yọ fìríìjì, ọbẹ̀ Àǹtí Akáǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sì má rò pé wákàtí kan ni o. Ihò ara ògiri lásán kì í fún ọkọ̀ báyìí ju kìlówáàtì 2 sí 3 lọ. Bátìrì tó bá gba yúnìtì 60, tó bá gbẹ, á lo ọ̀sán àti òru lára ògiri bí ọmọ lára ọmú.

Láago mẹ́wàá, wọ́n mú iná lọ. Mégáàdì tan jẹnẹrétọ̀. Ariwo tí ọkọ̀ kò pa láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa ló ti ń pa á.

Àǹtí Akáǹtì, tí inú ọbẹ̀ ṣì ń bí, mú bírò. Àlọ àtàbọ̀, bí 80 kìlómítà, bíi yúnìtì 14. Lítà díísù kan, agbára káká ni jẹnẹrétọ̀ wa fi ń rí yúnìtì 3 yọ níbẹ̀. "Ọ̀gá, ọkọ̀ yín tí kì í mu epo ń mu lítà 5 tó kù díẹ̀ lójúmọ́. Ti ọ́fíìsì. Ẹ bá wá àdúgbò tó wà ní Bándì A, níbi tí iná ti ń pẹ́ jù lọ lójúmọ́, ní 225 náírà tí wọ́n gbé yúnìtì kan lé ní April 2024, 3,150 náírà péré lẹ máa san, látinú àpò yín."

"Àǹtí, ayé ni mò ń tọ́jú," ni Ọ̀gá Oníná wí. "Èéfín ń ba ayé jẹ́." Èéfín jẹnẹrétọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó wúkọ́.

Àrùn náà sì ti ń ràn. Ẹlòmíràn nínú wa, tí owó rẹ̀ kò tíì ká ọkọ̀, ra àpótí ṣáájì nìkan, ó kàn án mọ́ ògiri ojúde. Ó ní ọkọ̀ ń bọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́dún báyìí. Bí àlejò bá dé, á ní kí wọ́n rọra o, kí wọ́n má fara kan iná. Kò sí wáyà lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá àgbà fi ìwé síta pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ohun tó bá ju fóònù lọ bọ ògiri mọ́. Lọ́jọ́ kejì, láago mẹ́fà ààbọ̀, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kan géètì mi. Ọ̀gá Oníná ni, pẹ̀lú kóòtù àti báàgì. Mo yọ Corolla síta, ó ń wúkọ́, ó ń gbọ̀n, ajá gbogbo àdúgbò gbó wa. Bó ṣe jókòó ló bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ òun báyìí, bátìrì òun báyìí, èéfín tèmi báyìí. A ti ń wo Ìlíṣàn lọ́ọ̀ọ́kán kó tó dákẹ́. Fóònù tó fẹ́ fi àwòrán ọkọ̀ hàn mí ló kú.

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́. Ó ní ṣé mo ní ibi tí òun lè ki í bọ̀.