Àtúnṣe: Ẹ má fọ́n epo sí bíréèkì tó ń han nínú ẹrẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ cyclocross (eré ìje kẹ̀kẹ́ lórí pápá àti nínú ẹrẹ̀): pé bí bíréèkì aláwo bá ń han gooro nínú ẹrẹ̀, kí a fọ́n epo díẹ̀ sí i. Irọ́ ni. Lóòótọ́, ariwo lè dákẹ́, ṣùgbọ́n bíréèkì fúnra rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Páàdì méjì ló ń fún àwo irin mọ́ àárín kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Epo á sọ ojú wọn di yíyọ̀. Páàdì tún máa ń fa epo mu, bó bá sì ti wọ inú rẹ̀, àfi kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Omi àti iyanrìn ló sábà máa ń fa ariwo yẹn. Ẹ fi omi ṣan ẹrẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi isopropyl alcohol (ọtí ìfọ̀nǹkan tó ń tètè gbẹ) àti aṣọ mímọ́ nu àwo náà. (Kì í ṣe aṣọ tí ẹ fi nu ṣéènì o!) Lẹ́yìn náà, ẹ sáré, ẹ tẹ bíréèkì títí kẹ̀kẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kí ẹ tún sáré, bí ìgbà 20.

Tí páàdì bá ṣì ń ha àwo, ẹ tú bóòtù méjì tó de caliper (ohun tó gbé páàdì méjèèjì dání) díẹ̀, ẹ fa ọwọ́ bíréèkì mọ́ra, kí ẹ tó fún bóòtù padà. Bí ẹ bá tú ọwọ́ bíréèkì sílẹ̀, ó yẹ kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà, lọ́tùn-ún lósì.

Páàdì resin (èyí tí wọ́n fi oje líle pò) tètè ń jẹ nínú ẹrẹ̀. Èyí tó ní lúbúlúbú irin nínú ń pẹ́ jù ú lọ, àmọ́ ariwo tiẹ̀ pọ̀.