Ẹ Yé Sọ PNG Mi Di JPEG
Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ àwòrán títúnṣe nìyí: mo lè lo wákàtí 2 gbáko láti gé ìyá ọlọ́jọ́ìbí kúrò lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, kí n fi Pen Tool, irinṣẹ́ ìfàlà orí kọ̀ǹpútà, tọ gbogbo etí gèlè rẹ̀, kí n nu ògiri tó ń yọjú nínú ihò wínníwínní ara léèsì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi í ránṣẹ́ ní PNG, irú fáìlì àwòrán tó lè jẹ́ kí ẹ̀yìn ṣófo láìní àwọ̀ kankan, síbẹ̀ oníbàárà á sọ PNG náà di JPEG, irú fáìlì àwòrán mìíràn, á wá máa pariwo pé ẹ̀yìn àwòrán ti funfun. JPEG kò ní àyè fún ibi tó ṣófo. Àwọ̀ kan, funfun lọ́pọ̀ ìgbà, ló gbọ́dọ̀ dí i. Mo ti ṣàlàyé títí. Lánàá, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n dá owó òun padà.