Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi Sinmi Lọ́wọ́ Abẹ

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi na ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lójú gbogbo ẹbí, wọ́n fi àtàǹpàkò họ ọ́ díẹ̀, wọ́n sì bi mí pé, "Ṣé owó abẹ ni o kò ní ni?" Gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," nítorí pé a kì í bá àgbà jiyàn níbi tí a ti ń fún ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Irùngbọ̀n tí wọ́n fọwọ́ kàn kì í ṣe irùngbọ̀n ọ̀lẹ. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo fi klípà gẹ ẹ́, tí mo sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó ṣẹ́ kù bíńtín sójú awọ. Mo ní ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2006, nígbà tí ìgbéyàwó mi ku ọ̀la, mo lọ sọ́dọ̀ agẹrun kan ní àdúgbò wa. Mo sọ fún un kí n tó jókòó pé klípà ni kí ó fi gẹ orí àti irùngbọ̀n mi, kí ó má ṣe fi abẹ kàn mí lójú. Àárẹ̀ ìpalẹ̀mọ́ ìnáwó ti mú mi, bí klípà sì ṣe ń kùn létí mi ni oorun gbé mi lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi olórí wà níjòókòó, oorun ni kò jẹ́ kí n fọhùn. Sípírítì tó ń ta mí lọ́rùn ló jí mi, nígbà tí agẹrun náà ti ṣẹ́ abẹfẹ́lẹ́ sí méjì, tó sì ti fi ìlàjì rẹ̀ fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi àti abẹ́ àgbọ̀n mi kanlẹ̀. Ó ní òun rò pé ọkọ ìyàwó yóò fẹ́ kí ojú òun dán.

Ojú mi dán lóòótọ́ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ kẹrin, irorẹ́ líle bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ àgbọ̀n mi, kí ọ̀sẹ̀ kejì sì tó pé, ó ti gba gbogbo ọrùn mi, débi pé n kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ojú kan ìrọ̀rí, ẹ̀jẹ̀ sì ń ta sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi lẹ́nu iṣẹ́. Odidi ọdún méjì ni mo fi tọ́jú rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ọ̀kan nínú wọn di àpá tó wú, ó sì wà níbẹ̀ di òní.

Dókítà awọ ara tó tọ́jú mi ló là mí lọ́yẹ. Irun tiwa lọ́, ihò tó ti ń hù jáde lábẹ́ awọ náà sì tẹ̀. Nígbà tí abẹ bá gé e, orí rẹ̀ á mú ṣóńṣó, bó bá sì ṣe ń dàgbà ni yóò máa ká bọ̀, tí yóò sì gún awọ padà wọlé. Ara kò mọ̀ pé irun ara rẹ̀ ni, ó kà á sí ẹ̀gún, ó sì ń bá a jà. Ṣéfìn sítíìkì tó ní ojú méjì tàbí mẹ́ta tún burú jù, nítorí pé ojú àkọ́kọ́ á fa irun sókè, èyí tó tẹ̀ lé e á gé e, ìyókù á sì sún padà sábẹ́ awọ. Klípà kì í gé dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ oníná mìíràn wà tí wọ́n ṣe láti mú ojú dán, bí ènìyàn bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ jù, òun náà lè dá irú ọgbẹ́ yìí sílẹ̀. Nítorí náà, klípà ni mo ń sọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: omi lọ́wọ́ọ́rọ́, fọ́ọ̀mù, abẹ tuntun nígbà gbogbo, kí a fá a síbi tí irun dojú kọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti ṣe. Ó lè bá ẹlòmíràn lára mu, kò bá tèmi mu.

Ta ni ó tilẹ̀ sọ fún wa pé ojú tó dán nìkan ni ojú ọmọlúàbí? Ní ọdún 1904 ni King C. Gillette gba ìwé-àṣẹ lórí abẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ sì pín in fún àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Títí di òní, àwọn ológun wọn kò tíì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: ní ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun Marine kéde pé ẹni tí àrùn awọ yìí kò bá jẹ́ kí ó fá irùngbọ̀n rẹ̀, tí ìtọ́jú ọdún kan kò sì wò ó sàn, lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni àrùn náà ń bá jà jù. Nígbà tí mo ka ìròyìn náà, ó dà bíi pé ẹnì kan tún fi àtàǹpàkò họ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Nígbà tí mo dé láti ibi ìsọmọlórúkọ náà, mo pe àkọ́bí mi, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo ti ra klípà tuntun sílẹ̀ fún un, èyí tó ń gba iná sára, nítorí a kì í mọ ìgbà tí iná yóò lọ. Mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí fún un. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, ó wá ní, "Ẹ ṣé, Dádì. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń fi ṣéfìn sítíìkì fá a."

Mo ní kí ó sún mọ́ iná. Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ tọ́ ọ wò. Kò sí irorẹ́ kankan níbẹ̀. Ó dán gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ti ń fi abẹ fá irùngbọ̀n wọn láti ìgbà èwe wọn, tí n kò sì rí àpá kan lójú wọn rí. Ó lè jẹ́ pé irun ọmọ náà kò tíì le ni. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni awọ tirẹ̀ ti wá, tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. N kò mọ èyí tí mo lè sọ fún un nínú méjèèjì. Klípà náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lórí tábìlì.